Aya Mi Lára Ògiri

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni mí, irun àti irùngbọ̀n ni mò ń fá láti kékeré. Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ mi kú, mo kọ orin kan fún un, "Aya Mi" lorúkọ ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi Onígìtá ló bá mi ta gìtá sí i. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la gbà á sí, mo dì í sínú ọ̀rá, mo ta á ní kókó, ọwọ́ ẹ̀ ló sì wà. Mo ní kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ọ̀rọ̀ èmi àtìyàwó mi ni. Ó ní òun gbọ́.

Àfi bí mo ṣe ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí pósítà fíìmù lára ògiri òdìkejì: AYA MI. Lẹ́tà gàdàgbà gadagba, kò sí àmì kankan lórí ẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọbìnrin Onígìtá ló sì ń bá àwọn onífíìmù ṣiṣẹ́! Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí.

Kò pẹ́, Onígìtá wọlé, ó jókòó, ó gbé àgbọ̀n sókè. Mo fi ọṣẹ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, mo fá apá ọ̀tún.

"Ìwọ tí kì í dákẹ́, ta ló gé ẹ láhọ́n?"

"Kásẹ́ẹ̀tì wa ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Irú ìbéèrè ọlọ́pàá wo nìyí?"

Mo gbé abẹ lé e lọ́rùn. "Ta lo gbé e fún?" Mo fẹnu júwe ògiri.

Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ọṣẹ ta sí mi lójú. "Àgbá òfìfo! Fíìmù aláìsàn nìyẹn. Àyà ni, àyà! Àyà tó máa ń dun èèyàn!"

"Irọ́."

Ó yọ fóònù, ó fi fíìmù náà tí ọmọ ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i hàn mí. Ọkùnrin sísanra kan di àyà mú: "Àyà mi o! Ẹ gbà mí, àyà mi!" Dókítà sáré dé. Kò síyàwó, kò sórin. Mo ṣì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè, bóyá orin mi á yọjú níparí. Kò yọjú.

Mo wá rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Abẹ wà lọ́rùn mi, ohun tó wà lọ́kàn ẹ nìyẹn?"

"Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Àmì ni wọn ò fi sí i."

"Èmi náà ńkọ́? Ṣé èmi náà ò lámì ni, tó o fi ṣì mí kà?"

Ó nu ọṣẹ nù, ó jáde. Irùngbọ̀n apá òsì ṣì dúró gbagidi. Mo pè é títí, kò wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. "Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá ní kí n gbé eléyìí fún yín, pé kẹ́ ẹ máa tọ́jú ẹ̀ fúnra yín."

Kásẹ́ẹ̀tì ni. Kókó tí mo fọwọ́ ara mi ta sí ọ̀rá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kò tú u rí.

"Gbé e padà fún un, ọmọ mi, jọ̀ọ́."

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbà á, sà."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo tẹ̀ lé ọmọ náà. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀ ẹ́, mi ò rí.