Ẹni Tó Bá Lè Dá Dìde Lẹ́ẹ̀mẹta

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Bàbá Hok-Lai tó máa ń lu agogo níwájú ilé òrìṣà ṣì wà láyé. Ìyá olójú kan tó ń ta ẹ̀pà ṣíṣè oníṣúgà lẹ́nu géètì ṣì wà. Ajá pupa tí kò ní olówó, tó máa ń sùn sábẹ́ tábìlì tùràrí, òun náà ṣì wà. Ìyá Bong-Io sì wà, ìyá tó bí Gek-Hun, ó ń fi ẹnu pa gbogbo àdúgbò lẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyà rẹ̀ ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi òróró sí nídìí. Bong-Io, “ẹ ṣáà máa tọ́ ọ bẹ́ẹ̀”, ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, torí ọkùnrin ló ń retí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ṣì máa ń sọ pé, “Wọ́n tọ́ mi bẹ́ẹ̀, mo sì gbó bẹ́ẹ̀.”

Lóṣù kẹta tí wọ́n fi òṣùpá kà, kí ọjọ́ ìbí Ìyá Mátsú, òrìṣà òkun, tó kò, àga tí wọ́n fi ń gbé ère rẹ̀ máa ń jáde. Àga náà ní òrùlé bí ilé kékeré, èèyàn mẹ́jọ ló ń fi ọ̀pá gígùn gbé e léjìká, wọn a sì fi ẹsẹ̀ gbé e ká àwọn ìlú etíkun fún ọjọ́ mẹ́jọ kó tó padà sílé. Ibi tó bá máa gbà, àwọn èèyàn a ti dojú bolẹ̀ sójú títì, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn, kí àga lè gba orí wọn kọjá. Aláìsàn á sùn síbẹ̀, ẹni tó ń wá ọmọ á sùn síbẹ̀, ẹni tí kò tiẹ̀ ní ẹ̀dùn ọkàn kankan á sùn síbẹ̀ torí pé ìyá rẹ̀ sùn síbẹ̀ rí.

Ọdún tó ṣáájú ni nǹkan bàjẹ́ ní igun Ọjà Ẹja. Àga kọjá tán, bàbá arúgbó kan kò lè dìde. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti fò sókè, wọ́n ń sáré lé àga kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án, wọ́n sì tẹ bàbá náà mọ́lẹ̀ kọjá. Egungun ìhà rẹ̀ mẹ́rin ló kán. Gek-Hun, ọmọbìnrin Ìyá Bong-Io, wà níbẹ̀, ó wọ ẹ̀wù pupa aláìlápá ti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa ṣọ́ èrò. Ó nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè jókòó sójú kan mọ́. Níbi tó ti ń rán aṣọ mọ́ irin agboòrùn, ọ̀gá rẹ̀ bi í léèrè bóyá èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá Hok-Lai, tó jẹ́ olórí wọn, fi ní kí Gek-Hun kọ́ àwọn tuntun. Sọ́ńdè mẹ́rin ni wọ́n fi pàdé nínú àgbàlá ilé òrìṣà. Wọn kò lè fi àga Ìyá Mátsú fúnra rẹ̀ ṣeré, wọ́n bá gbé tábìlì ìjẹun Bàbá Hok-Lai, wọ́n so ọ̀pá oparun méjì mọ́ ọn lára, wọ́n gbé àpò ìrẹsì méjì lé e kó lè wúwo. Ìdajì á sùn sílẹ̀, ìdajì á dúró ti ẹ̀gbẹ́, tábìlì á máa bọ̀.

“Fèrè kan tó gùn: ẹ sùn, ẹ má mira!” Gek-Hun ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, kò dúró. “Fèrè méjì: àga ti kọjá ẹni ìkẹyìn. Ìgbà náà nìkan lẹ ó máa gbá wọn lọ́rùn ẹsẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kígbe ‘ẹ dìde’, ariwo báńgà tí wọ́n ń yìn ò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ yín. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti gbá lẹ́sẹ̀ ló ń dìde. Ẹni tẹ́ ẹ ò gbá, kó ṣì máa sùn.”

“Àǹtí, tẹ́sẹ̀ ọ̀hún bá ń rùn ńkọ́?” Phin-Ju ló bèèrè, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

“Fi imú ẹ sílé lọ́jọ́ náà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gek-Hun kò rẹ́rìn-ín. “Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí kò bá lè dá dojú bolẹ̀, kó sì dá dìde lẹ́ẹ̀mẹta láìgbá nǹkan mú, kò ní sùn sójú títì. Ẹni yòówù kó jẹ́.”

“Kódà ìyá olórí ìlú?”

“Kódà ìyá tèmi.”

Bó ṣe já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ sílé, àfìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà tó gbọ́ ìró nǹkan tó ṣubú nínú yàrá ìyá rẹ̀.

Ìyá Bong-Io wà lórí ẹní, ó di ẹsẹ̀ ibùsùn mú.

“Màmá! Kí lẹ ń wá nílẹ̀?”

“Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde ni. Ṣé ìwọ nìkan lo ń kọ́ èèyàn ni?”

Gek-Hun gbé e jókòó. Kò wúwo ju agboòrùn lọ mọ́. “Màmá, ẹ ò ní lè sùn síbẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kí n mú súwẹ́tà yín lọ. Aṣọ aláìsàn ń lọ dípò aláìsàn, gbogbo ayé ló ń ṣe é.”

“Aṣọ ò ní àyà tó ń dùn ún. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń sùn sábẹ́ àga Ìyá. Ọdún kan ṣoṣo ni mo pa jẹ, ọdún tí mo bí ọ. Ti ọdún yìí sì ni ìkẹyìn.”

“Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Kò sọ ọ́. Bàtà ẹ̀ ló ń wò nígbà tí mo bi í.”

Ní Sọ́ńdè kẹrin, bí wọ́n ṣe gbé tábìlì sókè báyìí, Ìyá Bong-Io ni wọ́n rí tó ń wọlé bọ̀, ó wọ súwẹ́tà rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó fi lẹ́búlẹ́bú kun ojú.

“Mo gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ìdánwò níbí.”

“Bong-Io, ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?” Bàbá Hok-Lai ń rẹ́rìn-ín. “Tábìlì mi nìyí o, kì í ṣe Mátsú.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti jẹun lórí ẹ̀ rí. Oúnjẹ ọ̀hún ò dùn.”

Ó dojú bolẹ̀ lórí bíríkì, ó sì dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tún sùn, ó tún dìde, ṣùgbọ́n èyí pẹ́, ètè rẹ̀ sì ti ṣú. Ó sùn lẹ́ẹ̀kẹta. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ọwọ́ yọ̀. Ó tún tì í. Ajá pupa wá ń gbóòórùn irun rẹ̀. Gek-Hun ka ọgbọ̀n nínú ara rẹ̀, ó wá lọ gbé e.

“Mélòó nìyẹn?” Bàbá Hok-Lai ń wo ojú ọ̀run. “Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó jọ mẹ́ta lójú mi.”

Gbogbo wọn ń wo Gek-Hun.

“Méjì ni,” ó wí.

“Ẹ gbọ́ ọmọ tí mo bí,” ni Ìyá Bong-Io wí, ó ń mí gúlegúle. “Ọdún tí mo bí i, ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Ó tún fẹ́ gba ìkẹyìn.”

Ó kẹ̀yìn sí i jẹ àsáró ìrẹsì ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Gek-Hun ò lè jẹ, kò lè sùn dáadáa. Tó bá kúrò níbi iṣẹ́, á gba igun Ọjà Ẹja lọ, á fẹsẹ̀ wọn títì, á padà, á tún un wọ̀n. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ti rí i ṣe: ìdí ìlà pátápátá, níbi tí ẹnì kankan ò ti sùn sẹ́yìn ẹni. Ibẹ̀ lòun máa tẹ́ ìyá òun sí, òun á sì gbé e dìde fúnra òun. Ta ni yóò mọ̀? Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìyá dìde, ó lọ fọ súwẹ́tà rẹ̀.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni àga máa dé igun náà. Kó tó tó mẹ́sàn-án àbọ̀, èrò ti kún dé ẹnu àwọn ṣọ́ọ̀bù, àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò sì ti ń dojú bolẹ̀. Gek-Hun gbé ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó sìn ín gba ẹ̀yìn èrò dé ìdí ìlà. Phin-Ju ni wọ́n fi síbẹ̀. Ó rí wọn, ó la apá méjèèjì.

“Àǹtí, rárá o.”

“Phin-Ju, kúrò lọ́nà.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Kódà ìyá tiyín, bẹ́ ẹ ṣe wí nìyẹn.” Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ò wálẹ̀.

“Mo ní kúrò!” Gek-Hun ti na ọwọ́ kó tì í.

“Tí màmá yẹn bá sùn, èmi náà á sùn o!” Ọkùnrin arọ kan tó jókòó lẹ́bàá títì ló sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n ti dá padà láàárọ̀ yẹn. Obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ti ń tú bàtà ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ẹlòmíì ti ń dìde pẹ̀lú ọ̀pá. Agogo Bàbá Hok-Lai dún láti ìsàlẹ̀ òpópónà, èrò sì sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà bí omi.

Ìyá Bong-Io wo ọkùnrin arọ. Ó wo àwọn tó ti sùn sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà lókè.

“Gek-Hun. Wá mi ní àpótí kan.”

Wọ́n fún un ní àpótí oníke, ó jókòó ti ọkùnrin arọ náà. Ó bọ́ súwẹ́tà.

“Wọ̀ ọ́.”

“Màmá, fèrè wà lọ́wọ́ mi.”

“Gbé e fún ẹni tó dí ẹ lọ́nà. Ó jọ pé ó gbọ́ ẹ̀kọ́ ẹ ju ìwọ lọ.”

Súwẹ́tà náà fún un, apá rẹ̀ kò kọjá ìgúnpá. Gek-Hun, tí kò tíì sùn sábẹ́ àga rí láti ìgbà tó ti ń ṣọ́ èrò, dojú bolẹ̀ sí ìdí ìlà. Ọ̀dà títì gbóná mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Fèrè kan dún, ó gùn, kò gbọ̀n. Báńgà ń bú, èéfín bo ilẹ̀. Ó wá rí ẹsẹ̀, bàtà koríko lọ́tùn-ún, bàtà koríko lósì. Òjìji tutù kan gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì lọ. Òun tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ fún ọdún kan gbáko, kò fẹ́ mira mọ́.

Fèrè méjì. Ẹnikẹ́ni kò fò sókè. Ó ń gbọ́ bí ọwọ́ ṣe ń gbá ẹsẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pá, pá, bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ tó gbá tirẹ̀ tín-ínrín, òrùka sì wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ láti orí àpótí.

“Dìde. Àbí ọ̀la lo fẹ́ jí?”

Gbogbo wọn ló dìde lọ́jọ́ náà ní igun Ọjà Ẹja, kò sí ẹni tó họ ìgúnpá.

Ọjọ́ kẹjọ ni àga ń padà bọ̀ wálé. Ìyá Bong-Io ti wà lórí ibùsùn láti ọjọ́ mẹ́ta, kò jẹ́ kí wọ́n bọ́ súwẹ́tà náà lọ́rùn òun. Gek-Hun kò lọ sí igun, Phin-Ju ló wà níbẹ̀. Gek-Hun ń rìn láti ibùsùn ìyá rẹ̀ lọ sójú fèrèsé, láti ojú fèrèsé bọ̀ síbi ibùsùn.

Fèrè kan dún lókèèrè.

“Wọ́n ti sùn,” ni ìyá rẹ̀ wí, ojú rẹ̀ wà ní dídì.

Ó pẹ́. Fèrè méjì.

“Wọ́n ti ń dìde. Ṣé gbogbo wọn?”

“Ẹ jẹ́ kí n bèèrè.” Ó pe Phin-Ju, ariwo báńgà ò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan, ó tún pè, ó ń pariwo sórí fóònù lójú fèrèsé: “Gbogbo wọn? Ṣé gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn, Àǹtí! Gbogbo wọn pátá!”

Ó yíjú padà láti sọ fún un. Ó dé ìdí ibùsùn, ó di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ṣì gbóná. Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta, ni Ìyá Bong-Io kú.