Ẹnu Bàálù Ardis Kò Kéré

Ìmọ́lẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, tín-ín-rín bí òwú, níbi tí kò yẹ kó ti yọ.

Ardis sún mọ́ ọn. Ó ti ti ilẹ̀kùn ilé bàálù pa, ó ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, inú ibẹ̀ sì ṣókùnkùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago méje àárọ̀ Sátidé ni. Tọ́ọ̀ṣì ló tàn sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bàálù náà, tó sì dé e pa. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá rí gbà, atẹ́gùn náà á gbà á.

"Mo ti rí ọ mú," ló wí fún bàálù náà.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù náà. Kò sí ìṣó kan lára rẹ̀ tí ọwọ́ Ardis kò dé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni apá bàálù fi sùn nínú gáréèjì ilé rẹ̀, tí mọ́tò rẹ̀ ń sùn níta nínú yìnyín. Láti ìgbà tó sì ti parí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé e gòkè. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, kò tíì fò jìnnà tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fi gbóná, tí abẹ́rẹ́ ojú gééjì sì dé ilà pupa, tó fi ní láti sọ̀ kalẹ̀ wéréwéré. Ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì rẹ̀ bá gbóná kọjá ibẹ̀ lè dákẹ́ lókè, èèyàn ò sì lè páàkì sójú ọ̀run.

Joelle, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti mú un búra: ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìkẹyìn. Bí abẹ́rẹ́ bá tún kan ilà pupa lónìí, Ardis á ta bàálù náà, kò sì ní fò mọ́. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Ardis. Bó bá ta èyí, kò tún sí òmíràn.

Gbogbo ọkùnrin pápá bàálù náà ló ti mọ ohun tó kù kó ṣe. Iwájú bàálù ní ẹnu méjì tí atẹ́gùn ń gbà wọlé wá fẹ́ ẹ́ńjìnnì àti kúlà, ohun kan bíi rédíétọ̀ kékeré tí ọ́ìlì ń gba inú rẹ̀ kọjá kó lè tutù. Wọ́n ní ẹnu náà kéré. Harlan Voss, tó ti kan bàálù mẹ́ta, tí wọn kì í bá jiyàn níbẹ̀, ní kó gé e kó fẹ̀ sí i. Ardis ní òun ò gé nǹkan kan.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Etí rẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀ síwájú, kí atẹ́gùn fúnra rẹ̀ máa tì í mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì títí tí kò ní sí àlàfo. Èyí ti ká sẹ́yìn. Atẹ́gùn ń wọlé dáadáa, ó kàn ń ṣí rọ́bà náà bí ẹni ṣí kọ́tìnnì, ó ń bá tirẹ̀ lọ, kò yà sọ́dọ̀ kúlà rárá.

Ó fọwọ́ tẹ etí rọ́bà náà síwájú. Ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fà á láti iwájú lọ sẹ́yìn bó ti máa ń ṣe, ó dé e.

Ìmọ́lẹ̀ tún yọ.

Ó dúró. Ọ̀nà tó máa ń gbà dé e sọ sí i lọ́kàn. Ní pápá yìí, ẹni méjì ní í gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n á sì gbé e lé e tààrà. Òun nìkan ló ń dá gbé tirẹ̀, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́la pé òun ló bá a ṣe é. Bó sì ti ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni etí rọ́bà ń bá a lọ sẹ́yìn. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni.

"Olórí kunkun," ló wí, inú sì bí i pé kò sí ẹlòmíràn tó lè wí i sí.

Ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn. "Ardis! Ṣé o ṣì wà láàyè? Pankéèkì àárọ̀ Sátidé wa ti jinná, ọmọ ẹ ti dé." Harlan wọlé, ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa, àwo oúnjẹ lọ́wọ́ kan, ayùn kékeré lọ́wọ́ kejì. "Mo mú un wá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti la ẹnu ẹ̀ fún ẹ."

"Ẹnu tìẹ ni ká kọ́kọ́ pa dé. Gbé ayùn yẹn sílẹ̀."

"Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí o. Joelle ò bá ẹ ṣeré."

"Èmi náà ò bá a ṣeré. Nu ọwọ́ ẹ, kó o di ẹ̀gbẹ́ ibí mú."

Harlan wò ó. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ẹni tó pè rí. "Kí n dì í mú ni, àbí kí n gbà ẹ́ nímọ̀ràn?"

"Dì í mú. N ò bẹ ẹnu ẹ níṣẹ́."

Ardis tún tẹ etí rọ́bà síwájú, wọ́n sì jọ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì lé e tààrà. Òkùnkùn dé, gbogbo ẹ̀ dúdú kirikiri. Harlan bẹ̀rẹ̀, ó yí ẹ́ńjìnnì náà po, ó ń wá ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, kò rí. Ó dìde dúró.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìwọ ni. Gbogbo ibi tí o kì í yẹ̀ wò ni mo máa ń yẹ̀ wò."

Níta, Joelle káwọ́ gbera. "Mọ́mì, ẹ rántí ohun tí ẹ sọ o."

"Mo ní tó bá kan ilà pupa. Kò tíì kàn án."

Ardis wa bàálù gòkè, koríko sá lọ lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà oko àgbàdo. Abẹ́rẹ́ ń gòkè. Ó kọjá táǹkì omi ìlú, níbi tó ti yí padà nígbà àkọ́kọ́. Ó kọjá odò, níbi tó ti yí padà nígbà kejì. Ó ku bí ìbú ìka kan kí abẹ́rẹ́ dé ilà pupa. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tí yóò ti dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, kò sì dín in.

"Kàn án tó bá dá ẹ lójú," ló wí fún abẹ́rẹ́ náà.

Abẹ́rẹ́ dúró. Ó gbọ̀n díẹ̀, ó rọra padà sẹ́yìn, ó sì jókòó síbẹ̀.

Ohùn Joelle dún nínú rédíò. "Mọ́mì, ṣé ó ti gbóná ni?"

"Rárá."

"Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ nígbà náà."

"Torí kí ni?"

Ẹ̀rín Harlan ni Ardis gbọ́ lẹ́yìn Joelle, kí rédíò tó dákẹ́.

Ó tẹ̀ lé odò náà lọ sí ìhà àríwá. Àwọn màlúù dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi. Ọkùnrin kan lórí katakata ṣí fìlà sí i. Lórí adágún, ó rí ọkọ̀ ojú omi pupa kan, ó yí bàálù po lẹ́ẹ̀kan kó lè tún un rí, ó sì ń wá a láàárín ìtànṣán oòrùn orí omi kó tó wá yé e pé ó ti pẹ́ gan-an tí òun ti wo abẹ́rẹ́ náà gbẹ̀yìn.