Agogo Ìyá

Ìwé náà kò ju ọgọ́rùn-ún ojú ewé lọ, ṣùgbọ́n ó ń bí mi nínú. Ní ìlú inú rẹ̀, ìjọba máa ń fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní agogo lọ́jọ́ tó bá bímọ. Bí ìyá bá ti lù ú, ibi yòówù kí ọmọ wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e padà sílé, bó fẹ́ bó kọ̀. Àwọn ará ìlú ń pe èyí ní ìfẹ́.

Ìfẹ́ wo? Ẹ̀wọ̀n ni!

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń kà á, nílé màmá mi ní Mowe, níbi tí mo ṣì ń gbé lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo rí yàrá kan gbà ní Òkè-Àrò lọ́dún tó kọjá. Màmá ní ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ kì í dá gbé. Wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà, títí mo fi dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ọmọbìnrin kan nínú ìwé náà ń sá lọ, ó ti fi òwú dí etí kó má baà gbọ́ agogo ìyá rẹ̀. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó dé ẹnubodè.

"Sáré, jọ̀ọ́! Má wẹ̀yìn!" Mo pariwo sí i bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

"Ìbíwùnmí!" Màmá pè mí láti pálọ̀.

"Mà!"

Wọ́n ní kí n bá àwọn mú rìmóòtù. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn ló wà. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, kí n tó rántí pé inú ń bí mi.