Ewé Kejì

Bámilóyè ti ki ọ̀bẹ bọ ẹ̀yìn ìwé náà kó tó béèrè.

"Lọ́yà, ewé wo lo ní kí n yọ?"

"Ewé kejì, Bàbá Ayọ̀." Habeebat kò wojú rẹ̀.

Ọwọ́ tó di ọ̀bẹ mú dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló fi òwú rán ìwé yìí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń di ìwé ní Ṣómólú, nígbà tí Habeebat kó ẹ̀rí àwọn tí ṣọ́jà yìnbọn pa èèyàn wọn létí ọ̀sà Bàrígà jọ. Àtàǹpàkò ẹlẹ́rìí wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn nínú wọn ti kú. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún tẹ̀ka. Kóòtù àgbáyé lókè òkun ni ìwé náà ń lọ. Bámilóyè gba kóòtù yẹn gbọ́: kò lẹ́gbọ́n, kò lábúrò l'Ábùjá.

"Orúkọ ọ̀gágun tó pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn ló wà níbẹ̀," ó ní.

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá tó ń gbọ́ bùkátà kóòtù náà ló ń ta ìbọn fún ọ̀gágun yẹn. Òṣìṣẹ́ kóòtù kan pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní ká mú orúkọ àwọn ṣọ́jà kéékèèké wá, wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ tiwọn."

"Tí mi ò bá yọ ọ́ ńkọ́?"

"Wọn ò ní ṣí i rárá."

Bámilóyè ṣí ìwé náà sí àárín. "Wò ó. Ewé kejì àti ewé keje, bébà kan náà ni; a ká a sí méjì, òwú gba àárín. Tí mo bá fa ìkan yọ, èkejì á tẹ̀ lé e."

Kò sọ ohun tó wà lórí ewé keje. Habeebat mọ̀ ọ́n: Ayọ̀kúnnúmi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí àwọ̀n ẹja ṣì wà léjìká rẹ̀ nígbà tó ṣubú.

"Ṣé kò wá sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ lè dá sí i ni, Bàbá?"

Ó wà. Èyí ló dùn ún jù. Kéèyàn gé e, kó ṣẹ́ ìbú ìka kan kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú, kó fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹn mọ́ ewé kẹta. Ewé keje kò ní mira.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń lo ọ̀bẹ. Kò ronú rí nípa ẹni tó di èkù kóòtù mú.

Ó gé e. Ó lẹ̀ ẹ́. Ó fi egungun pẹlẹbẹ tó fi ń tẹ bébà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Habeebat fi ìka wá ojú ibẹ̀ títí, kò rí i.

"Ọwọ́ yín mà dáa o, Bàbá Ayọ̀. Àfi bíi pé kò sí níbẹ̀ rí."

Bámilóyè ṣí ewé keje, ó rọra fà á wò. Ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, gbọn-in. Ó ti kú, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa á.