Afárá Gìtá Gísà

"Tún un ta," ni Fẹnna wí. "Ó ń dún bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Tún un ta, kí n lè rí nǹkan sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi."

Gísà tún un ta. Bóòtù irin gígùn tó tẹ́ sábẹ́ àwọn wáyà gìtá náà ń gbọ̀n, ohùn tó sì ń jáde látinú rédíò àtijọ́ tó so ó mọ́ ń hó bí epo gbígbóná. Ó ṣépè fún bóòtù náà, ó yọ ọ́, ó sì jù ú sínú yanrìn.

Fúnra rẹ̀ ló kan gìtá oníná náà. Ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ló gé fi ṣe ara rẹ̀, wáyà bàbà inú fáànù tó ti kú ló wé láti máa gbé ohùn, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló sì fà sórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti pé tán, ó ku afárá, ìyẹn nǹkan tí àwọn wáyà máa gùn lé kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀. Ó ti fi eegun ràkúnmí sí i, eegun là sí méjì. Ó ti fi ẹ̀yìn kóòmù oníke sí i, gìtá yadi. Bóòtù ló kù, òun náà sì ti ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Àgálì, olórí ẹgbẹ́ eléré kan ní Tamanrásẹ́tì, ìlú wa inú aṣálẹ̀, ní kó wá bá àwọn ṣeré níbi ìgbéyàwó, bí gìtá rẹ̀ bá lè fọhùn gidi.

"Ojú ń dùn ọ́ ni?" Fẹnna tún bi í. Ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin bí ni, ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì omi, ó ń jẹ dàbínù. "Afárá tí ò ń wá káàkiri ìlú wà nínú yàrá níbẹ̀ yẹn. Abẹ́ okùn gòjé ìyá rẹ ló wà. Igi líle ni, ó ti gbẹ, ó gbọ́n jù ọ́ lọ."

"Kí Màmá lè sin mí láàyè?"

"Kí ló fẹ́ fi ṣe? Gbẹ́nàgbẹ́nà ti gbẹ́ tuntun fún un. Èmi gan-an ni mo bá a gbà á wá lánàá. Ó wà nínú àpò awọ tó kọ́ sára ògiri. Àtijọ́ yẹn, ó ní òun á jù ú nù."

"Lóòótọ́?"

"Mo fi irùngbọ̀n bàbá mi búra."

"Bàbá rẹ ò ní irùngbọ̀n."

"Òun ló jẹ́ kí n fi í búra."

Gísà bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní òun á kọ́kọ́ lọ bi ìyá òun léèrè.

"Máa lọ o," ni Fẹnna wí. "Ó wà nílé Ìyá Ṣíkà níbi tó ti ń dirun. Lọ dúró láàárín àwọn obìnrin, kí o máa bi í ní ọ̀rọ̀ gìtá. Wọ́n á ní, 'Ẹ wò ó, ọkùnrin dé.'"

Ó padà jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni lè bú ẹni, ó lè parọ́ fún ẹni, ó lè ní orí ẹni rí bí kòtò lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹni tó bá bínú sí i ni kò ní ẹ̀kọ́. Àwàdà ni. Nítorí náà kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó ń gbé ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ délé. Gísà mọ èyí láti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú, ohun tó wù ú nìkan ni etí rẹ̀ ń gbọ́, èmi ò sì mọ oògùn tó ń wo ìyẹn.

Ó wọ yàrá. Ó tú aṣọ tí wọ́n fi wé gòjé náà, ó yọ afárá lábẹ́ okùn kan ṣoṣo tó wà lórí rẹ̀. Ó kéré, ẹsẹ̀ méjì ló ní, ọwọ́ obìnrin ti mú kó máa dán. Ó fi ayùn gé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí igi kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ọ̀bẹ ha ìdí rẹ̀, ó sì fa àwọn wáyà padà sórí rẹ̀. Nígbà tó ta á, ohùn náà jáde nínú rédíò, ó mọ́, ó dúró lójú kan, ó pẹ́ kó tó lọ. Inú Gísà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Ṣé o rí i?" ni Fẹnna wí. Ó gbọn yanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Jẹ́ kí n lọ wẹ̀ kí àlejò ìyá rẹ tó dé."

Àlejò náà ni Màdáámù Wádíà, tó wá láti Áljẹ̀, olú-ìlú wa, láti yan obìnrin kan ṣoṣo tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní gòjé ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Obìnrin nìkan ló ń ta gòjé níhìn-ín. Ọkùnrin tó bá ta á, kó má padà sílé mọ́. Takama, ìyá Gísà, ni gbogbo ìlú dárúkọ fún màdáámù. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó tún wá Takama wá fún ohunkóhun. Ó ń sùn, ó ń jí, ó ń se oúnjẹ fún ọmọ tí kì í jẹun sílé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ránṣẹ́ sí i pé màdáámù ń bọ̀ wá gbọ́ ọ, ó ti ń rìn bí ọmọge. Bí wọ́n bá mú un, ó tún di ènìyàn nìyẹn. Bí wọn ò bá mú un, kò sí ohun mìíràn níwájú mọ́.

Nígbà tí wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́ tán, àwọn obìnrin àdúgbò, Fẹnna náà láàárín wọn, ti jókòó yí àlejò ká lórí ẹní nínú àgbàlá. Takama jáde pẹ̀lú irun tuntun, ojú rẹ̀ ń dán. Gísà ń po tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbé gòjé fún ìyá rẹ̀ bí ọmọ rere.

Takama tú aṣọ tí wọ́n fi wé gòjé. Okùn gòjé náà dẹ̀, ó sùn sórí awọ. Takama fi ìka wá abẹ́ rẹ̀ lọ, ó wá a bọ̀.

"Afárá dà?" ó béèrè.

"Ó wà nínú àpò, Màmá," ni Gísà wí. Ó sáré wọlé, ó já àpò awọ náà lára ògiri, ó dà á sílẹ̀. Oje igi tí wọ́n fi ń pa ọrun gòjé ló jábọ́, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ó gbọn àpò náà. Ó yí i padà. Ó jáde pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́.

"Fẹnna ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti gbẹ́ tuntun fún yín," ó wí. "Ó ní ẹ fẹ́ jù ti àtijọ́ nù."

Gbogbo wọn yíjú sí Fẹnna. Lẹ́yìn náà Ìyá Ṣíkà, tó dàgbà jù láàárín wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Fẹnna."

"Fẹnna ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ? O sì gbà á gbọ́? Háà! Ẹ gbà mí! Ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n!"

"Mo tilẹ̀ búra fún un," ni Fẹnna wí, ó ń nu omijé ẹ̀rín. "Mo fi irùngbọ̀n bàbá mi búra!"

"Bàbá rẹ tí àgbọ̀n rẹ̀ ń dán bí ẹyin!" Àwọn obìnrin wó lu ara wọn. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé àlejò pàápàá rẹ́rìn-ín, kó tó bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Takama nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Níbo ló wà?" ó bi ọmọ rẹ̀.

Gísà gbé gìtá wá. Takama fi ìka kan kan afárá náà lábẹ́ àwọn wáyà.

"O gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò lè gbé okùn sókè mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó yọwọ́ kúrò lára gìtá náà, ó yíjú sí àlejò. Ì bá sàn kó gbá a létí.

Màdáámù Wádíà ní ìdájí ọ̀la ni òun máa wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó sì dun òun gan-an. "Ṣé kò sí ẹni tó lè yá wọn ní afárá láàárín yín?"

"Fẹnna ní gòjé," ni ẹnì kan wí.

"Ó wà níbí, mà," ni Fẹnna dáhùn. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó fa gòjé tirẹ̀ jáde nínú aṣọ. Ó ti so okùn rẹ̀ le, ó ti fi oje pa ọrun rẹ̀. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Gísà. Ta ló ń gbé gòjé lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ti ẹlòmíràn? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

"Yọ afárá rẹ fún àǹtí rẹ," ni màdáámù wí.

"Háà, mà, okùn á já. Irun ẹṣin náà ti gbó."

"Bí o bá fún wọn ní gòjé náà lódindi ńkọ́?"

Fẹnna wo Takama, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí Àǹtí bá bẹ̀ mí, mo lè fún wọn."

Bí ẹni ń ṣeré ló ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àǹtí kì í ṣe ẹni à ń bá ṣeré, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Kò sí obìnrin kan níhìn-ín tó lè bẹ ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ lójú àlejò, kó tún gbójú sókè láàárín ìlú. Ìyá Ṣíkà fa ìbòrí rẹ̀ sójú.

"Fẹnna mọ ohun tó ṣe!" Gísà pariwo. "Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni!"

"Ẹ wò ó, ó ń bínú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀," ni obìnrin kan wí, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

"Dákẹ́, Gísà," ni Takama wí. Ó wé aṣọ mọ́ gòjé rẹ̀, ó so ó. "Ta á, Fẹnna. Èmi ni mo kọ́ ọ. Má dójú tì mí."

Fẹnna ta á. Èmi ì bá fẹ́ sọ pé kò mọ̀ ọ́n ta, ṣùgbọ́n irọ́ ni ǹ bá pa. Ó dùn. Gbogbo ibi tí Takama máa ń fà gùn ló fà gùn, gbogbo ibi tí Takama máa ń já ohùn ló já a. Àwọn obìnrin ń mi orí. Takama náà ń mi orí, ó ń tọ́ka fún màdáámù ibi tó le jù nínú orin náà, ojú rẹ̀ sì gbẹ. Nígbà tí orin parí, màdáámù ní kí Fẹnna tẹ̀ lé òun lọ sí ilé ìtura kí wọ́n lọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Takama sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ta tìrẹ kí n gbọ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí o ta á."

Gísà ta á. Takama gbọ́ ọ títí, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó dára," ó wí. "Yọ ọ́ fún mi."

Gísà rò pé ó fẹ́ wá bí yóò ṣe tún un ṣe. Takama gba igi kékeré náà, ó gbé e sínú iná èédú, ó gbé ìkòkò tíì lé e lórí. Ó se tíì náà bó ti yẹ, ó bu ṣúgà sí i, ó ń dà á láti òkè kí ó lè hó. Ó gbé ife kan fún ọmọ rẹ̀.

"Mu ún," ó wí. Gísà mu ún.

Àwọn ará Àgálì tó wá gbé e lọ síbi ìgbéyàwó fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí, ó sú wọn, wọ́n lọ. Gísà kò jáde sí wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Fẹnna dé, ó ra odidi páálí ṣúgà àti tíì fún àǹtí rẹ̀. Àtẹnu ọ̀nà ló ti ń pariwo. "Gísà onígìtá! Ṣé o ti rí afárá? Àbí kí n yọ eyín bàbá mi kan fún ọ?"

Gísà dìde níbi tó jókòó sí. Ó fa láwàní rẹ̀ sókè títí ó fi bo imú, ó ku ojú nìkan, bí àwọn ọkùnrin wa ti ń ṣe níwájú àjèjì.

"Ẹ káàárọ̀," ó wí. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Màmá ń bọ̀."

Fẹnna rẹ́rìn-ín, ó wẹ̀yìn. "Ta lò ń kí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Gísà, dá èyí dúró. Kò dáa. Bú mi dáadáa. Sọ pé mo burẹ́wà bí ọ̀bọ, gbogbo ohun tó bá wù ọ́."

"Ẹ má bínú. N ò lè bú yín."

"Èmi Fẹnna?"

Ó dúró pẹ̀lú ṣúgà lọ́wọ́, ó ń wo ojú rẹ̀ bóyá á rí ẹ̀rín níbẹ̀. Gísà bu omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì ń wo ilẹ̀ bí a ti ń ṣe fún àlejò.