Ìpè Tí Aláago Gé

Nínú yàrá ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà, kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ pe àwọn obìnrin méjèèjì yẹn. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe èyí àgbà, Àbúrò ni wọ́n ń pe èyí kékeré, kódà lẹ́nu àwọn tó ju àwọn méjèèjì lọ lọ́jọ́ orí. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lóòótọ́. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan á di aṣọ ibùsùn mú lápá ọ̀tún, èkejì á dì í mú lápá òsì, wọ́n á nà án, wọ́n á sì kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá tó ń tú ooru jáde bí ẹni tínú ń bí. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń sọ̀rọ̀, Àbúrò ló máa ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ọ̀gá tí Ẹ̀gbọ́n kò lè sín jẹ, pàápàá jù lọ ọkùnrin tó ń ṣàkóso gbogbo ilé náà, tí wọ́n ń pè ní Aláago, torí pé bí èèyàn bá kí i, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò kó tó dáhùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, Ẹ̀gbọ́n ṣàdéédéé jọ̀wọ́ etí aṣọ tó dì mú. Àbúrò rò pé àwàdà ni.

"Ẹ dì í mú dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fèsì, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹnu ti wọ́ sápá kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín aṣọ funfun, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n rọra gbé kalẹ̀.

Àbúrò fa fóònù yọ lápò, ó tẹ nọ́ńbà pàjáwìrì. Kò dún lẹ́ẹ̀mejì tí obìnrin kan fi gbé e.

"Pàjáwìrì lẹ pè. Ibo lẹ wà?"

Àbúrò ti rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ó sọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, ó sọ àdúgbò, ó ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbé ẹrù gbà ló yá jù.

"Ó dáa. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ṣubú. Kò lè sọ̀rọ̀."

"Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín sí yín. Ṣé ẹnu ẹ̀ dọ́gba?"

"Rárá, mà."

"Ẹ ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè."

"Ẹyọ kan ló gbé."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Ẹ ṣeun. Ẹ má pa fóònù o. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un ní nǹkan kan jẹ. Mo ti ń bá àwọn ọlọ́kọ̀…"

Ọwọ́ kan nà láti ẹ̀yìn, ó gba fóònù náà létí Àbúrò. Aláago ni.

"Ta lò ń pè?"

Kò dúró gbọ́ èsì, ó gé ìpè náà.

"Pàjáwìrì ni, ọ̀gá. Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo rí i. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Kò jẹun láàárọ̀." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Igba àlejò ló ń wọlé lókè báyìí. O wá fẹ́ kí ọkọ̀ tó ń ké, tí iná ń kọ mànà lórí ẹ̀, wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi?"

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, fóònù náà dún lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń pè padà. Aláago gbé ìpè náà, ó sì na fóònù sí Àbúrò.

"Sọ fún wọn pé àṣìṣe ni. Bí wọ́n bá dé ibí yìí, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ, ẹ kó ẹrù yín kẹ́ ẹ máa bá wọn lọ."

Ọmọ mẹ́rin ni àwọn méjèèjì jọ ń tọ́, kò sì sí ọkọ nílé. Àbúrò gba fóònù.

"Ìpè yín gé," obìnrin náà wí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n yín ṣì wà?"

"Àṣìṣe ni, mà. Ara ẹ̀ ti yá."

"Ṣé ó dá yín lójú? Àbí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ yín tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀?"

"Rárá, mà."

Wọ́n tẹ́ Ẹ̀gbọ́n sórí òkìtì táwẹ́lì. Aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí àlejò ti wọlé tán, ni wọ́n tó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù lọ sílé ìwòsàn. Dókítà béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ fún un. Ó ní oògùn kan wà tó máa ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ọpọlọ, àmọ́ ó ní wákàtí tirẹ̀, wákàtí náà sì ti kọjá. Apá ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n rọ. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, Aláago gbé àpò èso wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀gbọ́n, ó ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Nígbà tí Àbúrò padà síbi iṣẹ́, fọ́tò náà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé. Aláago ń rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n ń wo òkè àjà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìdílé kan ni gbogbo wa.

Láti ọjọ́ náà ni inú Àbúrò ti gbóná tí kò sì tutù mọ́. Òun ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì Aláago. Nígbà míì, á gbé ayọ́ọ̀nù dúró lókè ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà, á máa ro ọrùn Aláago fúnra rẹ̀. Ó jó ṣẹ́ẹ̀tì kan lẹ́ẹ̀kan, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Aṣọ ṣá nìyẹn. Ohun tó ń wá ni ohun tí Aláago kò ní lè ra òmíràn fi dípò.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ìjọba ní kí gbogbo òtẹ́ẹ̀lì kọ́ òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe pàjáwìrì. Wọ́n rán obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ wá. Ó ní kí èèyàn kọ́kọ́ sọ ibi tó wà, torí bí ìpè bá gé, wọ́n á ṣì mọ ibi tí wọ́n ń bọ̀. Ó ní kéèyàn má pa fóònù títí tí wọ́n á fi ní kó pa á. Ó ní bó bá gé, àwọn á pè padà. Aláago jókòó níwájú, ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀.

"Gbogbo ìpè la sì ń gbà sílẹ̀," obìnrin náà wí, "pẹ̀lú ọjọ́ àti aago rẹ̀."

Àbúrò nawọ́. "Títí dìgbà wo, mà?"

"Ọdún méjì."

"Ta ló lè béèrè fún un?"

"Ẹni tó pè."

Ọjọ́ kejì ló gba ààyè níbi iṣẹ́, ó gba ọ́fíìsì wọn lọ, ó kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó padà débẹ̀, bàbá akọ̀wé kan fi nǹkan ìgbọ́hùn bò ó létí. Ó gbọ́ ìpè àkọ́kọ́: "Ta lò ń pè?", lẹ́yìn náà ó gé. Ìyẹn kò tó. Ó gbọ́ èkejì. Ohùn Aláago wà lẹ́yìn, ó mọ́ kedere: "Sọ fún wọn pé àṣìṣe ni." Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn Àbúrò fúnra rẹ̀ wá, pẹ̀lẹ́, bí ohùn ẹni tó ń gba ọjà lórí kàǹtà: "Ara ẹ̀ ti yá."

"Ṣé méjèèjì lẹ máa gbà?" bàbá náà béèrè.

Àbúrò yọ ohun náà létí. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ìpè kejì yẹn fún ẹnì kankan láyé.

"Méjèèjì, sà."

Ó gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn òṣìṣẹ́. Èèyàn mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì gígùn. Ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì wá, ìdajì yàrá ìfọṣọ náà wá. Aláago wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Àbúrò fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀. Ó ní aláìsàn ni obìnrin náà tẹ́lẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó pe pàjáwìrì, pé bí òun bá mọ̀, òun fúnra òun ni ìbá pè é.

"Mo fẹ́ kó tún un sọ," Àbúrò wí fún alága.

Aláago tún un sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i."

Ó fọwọ́ sí i. Àbúrò dúró títí ó fi dé bírò náà padà. Adùn kan wà nínú rẹ̀ tí kò fẹ́ kó tètè tán. Lẹ́yìn náà ló gbé ìpè méjèèjì fún wọn gbọ́.

Nígbà tí ohùn Aláago jáde, ó na ọwọ́ sí tábìlì bí ẹni fẹ́ gé ìpè náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ohun tó máa gé. Ojú rẹ̀ ṣú, ẹnu rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ kò sì jáde. Àbúrò wo ẹnu náà dáadáa.

Àmọ́ ojú gbogbo èèyàn ti kúrò lára Aláago, Àbúrò ni wọ́n ń wò.

"Ohùn ta ló ní ara ẹ̀ ti yá?" alága béèrè.

"Ohùn mi ni. Ẹ̀rù bà mí, mo sì sọ ọ́. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Wọ́n lé Aláago lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà, ọlọ́pàá sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí kóòtù. Wọ́n ṣí fọ́tò kúrò lára ògiri. Inú Àbúrò dùn, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò dùn. Bí wọ́n bá ní kó tún jókòó síbẹ̀ lọ́la kó tún máa wo ẹnu ọkùnrin yẹn, á tètè jí.

Kó tó di pé ẹlòmíràn sọ ọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ ìpè kejì fún Ẹ̀gbọ́n nílé. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti ń padà sí Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu nígbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ta… ló ní… àṣìṣe?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí ògiri. Fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin nìkan ló ti ń gba oúnjẹ. Bí Àbúrò bá wọlé, á di ojú. Àbúrò kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń gbé omi ìwẹ̀ wá láràárọ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń nù ún gbẹ, ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, láìsí ọ̀rọ̀ láàárín wọn.

Ní ogúnjọ́, bó ṣe da omi sí i léjìká, Ẹ̀gbọ́n la ojú.

"Ó… gbóná jù."

Àbúrò gbé garawa, ó lọ bu omi tútù sí i.