Ọkọ̀ Fáíbà Akínwándé

Ọmọ Ìlàjẹ ni Akínwándé, etí omi ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboníṣe ló gbé e dé Ọ̀fà. Lọ́jọ́ tó sọ fún Ìrètíọlá ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ fi fáíbà ṣe ọkọ̀ ojú omi ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rín pa obìnrin náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni tirẹ̀, òkè ló mọ̀, kò mọ odò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ìníolúwa, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti lọ sí yunifásítì, ilé ti dákẹ́ jù. Obìnrin náà ní kí àwọn jọ ṣe é.

Wọ́n tẹ́ aṣọ fáíbà funfun sórí pákó tí wọ́n kàn bí ikùn ọkọ̀, wọ́n sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun oje rẹ́sìn lé e kí ó lè le. Oje yìí kì í gan àfi tí wọ́n bá po oògùn rẹ̀ mọ́ ọn, díẹ̀ báyìí. Akínwándé bu oògùn náà ní àbùjù, oòrùn sì mú, oje bá yára gan. Ó ti jókòó sí eteetí ọkọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó òdìkejì. Ìgbà tí yóò dìde, kò ṣeé ṣe.

"Ìyá Ìní, ó mú mi."

"Kí ló mú yín?"

"Ọkọ̀ ni."

Ìrètíọlá fa ọkọ rẹ̀, ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Sísọ́ọ̀sì ló fi gé ìdí ṣòkòtò náà kúrò, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Akínwándé fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ rín in tán ná.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ de igi mọ́ etí ọkọ̀ ni nǹkan yíwọ́. Akínwándé fi gbogbo agbára fún bóòtù onínọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, fáíbà sì sán pàà bí igbá. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀. Ìrètíọlá wo ojú ibi tó sán, ó ronú sí i. Ó gé túùbù kẹ̀kẹ́ àlòkù sí wẹ́wẹ́, ó fi tẹ́ abẹ́ wáṣà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó ń wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì, ó sì fi ìka lásán fún nọ́ọ̀tì kó tó fi sípánà kàn án díẹ̀. Kò sán. Wọ́n lẹ ojú ọgbẹ́ ti àkọ́kọ́, obìnrin náà sì jó yí ọkọ̀ ká.

Ní Sátidé, Fágbàmílà aládùúgbò wọn so ọkọ̀ náà mọ́ orí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, wọ́n forí lé odò Ọ̀yún. Àwọn ọlọ́kadà ń bi wọ́n lọ́nà bóyá omíyalé ń bọ̀ tí àwọn kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Fágbàmílà ní orí ilẹ̀ ni òun máa wà, nítorí ó yẹ kí ẹnì kan wà tó máa ròyìn délé.

Ìrètíọlá ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọlé. Ọkọ̀ mì, ó sì dúró. Akínwándé ti àjẹ̀ bọ omi, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ọmọdé. Wọ́n dé àárín odò kí omi tó máa tú wọlé lára bóòtù tó de ìjókòó mọ́lẹ̀. Kíá ni Ìrètíọlá fi àtàǹpàkò dí i. Ọkọ rẹ̀ ní káwọn yára padà.

"Ẹ máa wà á lọ," ni obìnrin náà wí. "Àtàǹpàkò mi kò níbi tó ń lọ."

Akínwándé bá ń wà á lọ, títí Fágbàmílà fi kéré bí ẹyẹ létí odò.